Ọmọ Tí Ó Kàwé, Ṣé Ohun Tí Ó Kà Yé E?

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá àwọn òbí, àwọn àgbà àdúgbò àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Agége

  N kò ní fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dá yín dúró. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, ìtàn kékeré kan ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní àdúgbò kan níhìn-ín, ìyá àgbà kan wà tí ó ń ta ìkòkò àti ọlọ létí gọ́tà ọjà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n lẹ ìwé ìkéde kan mọ́ ògiri ọjà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá àgbà pe ọmọ ọmọ rẹ̀, tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà, pé kí ó wá bá òun kà á. Ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀ láìkọsẹ̀ níbì kan. Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà náà ni ìyá àgbà béèrè pé, "Kí ni wọ́n ní?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Màmá, wọ́n ní kí á jẹ́ kí ọjà wa mọ́ tónítóní." Ìyá àgbà ní, "Ìyẹn dára. Láti ọ̀la lọ, n ó máa gbálẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́."

Ọmọ náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wà nínú ìwé náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìwé náà ní kí gbogbo ẹni tí ó pàtẹ sí etí gọ́tà kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó lù. Ó ní ẹni tí kò bá ní ibòmíràn lè wá gba àyè ní ọ́fíìsì ọjà kí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó parí. Ó sì ní ẹrù tí wọ́n bá bá níbẹ̀ lẹ́yìn àkókò náà, kíkó ni wọn yóò kó o lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà ti gbá iwájú àtẹ rẹ̀ mọ́ féfé. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ dé, wọ́n sì kó ìkòkò rẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá wọn lọ, fífọ́ ni ó fọ́. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó fi ra ọjà náà, kò sì tíì san án tán. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń rọ̀ ọ́ pé kí ó dákẹ́ ẹkún, gbólóhùn kan náà ni ó ń tún sọ: "Ọmọ mi ṣáà kà á fún mi."

Ẹ̀yin ará, èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà. Nínú ìdánwò tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, máàkì gíga ni mo fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun kan kù nínú iṣẹ́ mi. Ohun náà ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

ÌTÀN YÀTỌ̀ SÍ ÌKÉDE

Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé ìwé ìtàn nìkan ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà. A ka ìtàn Ìjàpá, a ka ìtàn ọmọ òrukàn, a ka ìtàn ọdẹ nínú igbó. Gbogbo wọn dára, n kò sì ní dá wọn dúró láéláé, nítorí ìtàn ni ó ń mú kí ọmọdé fẹ́ràn ìwé. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìtàn kọ́ ni a ti ń ka ìkéde. Bí ọmọ bá gbàgbé ọjọ́ tí Ìjàpá lọ sí ilé àna rẹ̀, ìtàn náà kò bàjẹ́. Bí ó bá ti mọ̀ pé ọ̀kánjúà ni ó dójú ti Ìjàpá, ó ti mú kókó ọ̀rọ̀. Nínú ìkéde, ọjọ́ gan-an ni ẹran inú ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú kókó, tí ó sì ju ọjọ́ nù, omi ọbẹ̀ lásán ni ó gbé wálé.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láàrin àwọn tí wọ́n mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ìkéde kò lè di odidi nínú ẹnikẹ́ni. Bí òǹkàwé bá fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ògiri, orí ògiri náà ni yóò wà títí ìyà yóò fi dé.

Nítorí náà, ohun tí mo wá sọ ni èyí: a gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa láti ka ìwé tí ó ń sọ nípa ìlú àti ìjọba, kí ó sì yé wọn débi tí wọn yóò fi lè sọ fún ẹlòmíràn ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Kí wọ́n tó jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí á ti kọ́ wọn. Nínú ìwé tí ó kan ìlú tiwọn gan-an ni ó sì yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní ọdún 1859, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, owó ẹyọ 120 ni wọ́n sì ń tà á. Ète rẹ̀ ni kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Ìròyìn ìjọ wà nínú rẹ̀, ìròyìn òwò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti ń fi ìwé kíkà mọ ohun tí ó ń lọ nínú ìlú?

Ẹ jẹ́ kí á tún rántí ọdún 1955. Nígbà náà, Agége wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Abẹ́ rẹ̀ ni ó wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ní 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, tí ó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nínú ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀. Kí owó lè wà fún un, a bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn tí ó ń san owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí owó yìí. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ilé ìwé tí a fẹ́ fi owó náà kọ́ kò tíì fara hàn. Nínú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìjókòó Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀rọ̀ owó náà sì wà lára ohun tí ó fà á.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ilé ìwé ṣílẹ̀kùn. Iye àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí èyí tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Nígbà náà ni ohun tí owó náà wà fún tó hàn sí gbogbo ènìyàn. N kò sọ pé ẹni tí ó bá ka ìwé ìjọba yóò gba gbogbo ohun tí ìjọba bá sọ. Ẹni tí ó kà á tí ó yé e lè sọ pé, "Mo mọ ohun tí owó yìí wà fún, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù." Ìyẹn tọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn gbà tàbí kí ó kọ̀ láìmọ ohun tí ó wà nínú ìwé.

Kí á má fi òtítọ́ pamọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n wọlé ní 1955 pọ̀ ju àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ tí S. A. Bánjọ jẹ́ alága rẹ̀, tí ó jábọ̀ ní 1961, tọ́ka sí bí àwọn olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú àwọn ilé ìwé. Ó rọrùn fún olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ láti mú kí ọmọ kà sókè, nítorí etí ni ó fi ń gbọ́ ọ. Òye ni ó ṣòro láti yẹ̀ wò, nítorí inú ni ó wà. Àwa olùkọ́ tí a sì kọ́ṣẹ́ lóde òní pàápàá, ẹ jẹ́ kí á yẹ ara wa wò bóyá àṣà yẹn kò sí lọ́wọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ ÌKA ỌWỌ́ MÁRÙN-ÚN

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkòkò ìyá àgbà, mo yí ọ̀nà ìkọ́ni mi padà. Mo fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè márùn-ún, ọ̀kan fún ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà gbàgbé. Àtàǹpàkò ń béèrè pé: Ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó sì kọ ọ́ sí? Ìka kejì ń béèrè pé: Kí ni ó ní kí á ṣe? Ìka kẹta: Nígbà wo? Ìka kẹrin: Níbo? Ọmọńdinrín, tí ó kéré jù, ni ó ń béèrè èyí tí ó le jù: Bí a kò bá ṣe é ńkọ́?

Ọmọ tí ó bá ka ìkéde kò gbọdọ̀ pa ọwọ́ rẹ̀ dé títí ìka márààrún yóò fi rí ìdáhùn. Bí ìka kan kò bá rí ìdáhùn nínú ìwé náà, kí ó sọ bẹ́ẹ̀: "Ìwé yìí kò sọ ibi tí a ó lọ." Ìyẹn pàápàá jẹ́ òye. Ìkéde mìíràn wà tí ẹni tí ó kọ ọ́ gbàgbé nǹkan, ọmọ tí ó sì rí àlàfo náà ti kà á dáadáa. Ó sàn kí ó wí bẹ́ẹ̀ ju kí ó fi èrò tirẹ̀ dí àlàfo náà lọ.

Kí á tó kà rárá, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo orí ìwé, ọjọ́ tí a kọ ọ́, àti orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀. Ìwé tí kò ní ọjọ́ àti orúkọ, a kì í yára gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á nínú, kí wọ́n tó kà á sókè, nítorí ẹni tí ó ń kà sókè ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó má baà kọsẹ̀, kò sì ráyè ṣọ́ ìtumọ̀. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀rọ̀ líle, kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ àgbà.

Mo tún rí i pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni ó máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù. "Gbọ́dọ̀" kì í ṣe "lè." Bí ìwé bá ní ẹ gbọ́dọ̀ wá, àṣẹ ni, bí ó bá ní ẹ lè wá, àǹfààní ni. "Tàbí" kì í ṣe "àti." Bí wọ́n bá ní kí á mú ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí káàdì ìdìbò wá, ọ̀kan tó, bí wọ́n bá ní àti, méjèèjì ni. "Àfi" lè yí gbogbo gbólóhùn padà. Ọmọ tí ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní Yorùbá tí ó sì mọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yóò gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àdánù púpọ̀.

ÌWÉ TÍ A LÈ FI KỌ́ WỌN

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé, "Níbo ni a ó ti rí ìwé?" Ìwé kún ìlú. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, tí mo fúnra mi kọ ní èdè Yorùbá láti inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní apá tí ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Báyìí ni mo kọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin:

"Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń dá ọjà àti ibùdókọ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú wọn. Òun ni ó ń fún òpópónà ní orúkọ, tí ó sì ń fi nọ́ńbà sí ara ilé. Òun ni ó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ti ẹni tí ó kú àti ti àwọn tí ó gbéyàwó sílẹ̀. Òun ni ó ń ṣètò kíkó ìdọ̀tí. Òun ni ó ń fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Ó sì ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera."

Nígbà tí wọ́n dé ibi ọmọlanke, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé ọmọlanke tí ń kó ẹrù kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ìwé òfin kì í ṣe ti àwọn ènìyàn ńláńlá ní Àbújá nìkan.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: "Ta ni ó ń fún òpópónà ní orúkọ?" Ìdáhùn wà lójú ìwé, gbogbo wọn rí i. Èkejì: "Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni ó ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n padà lọ wo gbólóhùn ìkẹyìn. Ọmọbìnrin kan nàka sí "bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa," ó ní, "Kì í ṣe òun nìkan, sà." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe gbé ẹrù ńlá! Ìbéèrè kẹta kò ní ìdáhùn lójú ìwé: "Ìwé yìí ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń ṣètò kíkó ìdọ̀tí. Orúkọ ta ni ẹ máa ń rí lára ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí ní òpópónà wa?" Wọ́n ní LAWMA. LAWMA, ẹ̀yin ará, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Kí ló dé tí ìwé fi sọ ọ̀kan tí ojú sì rí òmíràn? N kò dá wọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn òbí wọn, kí wọ́n sì mú ìdáhùn wá. Ọmọ tí ó bá ti ń béèrè irú ìbéèrè yìí ti ń di ọmọ ìlú gidi, nítorí ó ti mọ ẹni tí ó yẹ kí òun kọ̀wé sí nígbà tí gọ́tà bá dí.

Àwọn ìwé mìíràn wà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí: ẹ jẹ́ kí ọmọ wá orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ibi tí a bí i sí, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Ẹ mú ìwé ìsanwó tí wọ́n fún yín ní ọjà: kí ọmọ wá iye, ọjọ́, àti ohun tí owó náà wà fún. Ẹ mú àtẹ àkókò ọkọ̀ ojú irin. Agége yìí jẹ́ ìlú ojú irin; láti ìgbà tí ọ̀nà reluwé Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1901 ni ọkọ̀ ti ń gba àárín wa kọjá tí ó ń kó obì àti kòkó wa, ní 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ibùdó Agége. A kì í ka àtẹ àkókò bí a ti ń ka gbólóhùn. Ojú ní láti lọ sí ìsàlẹ̀, kí ó tún lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó tó rí ibi tí orúkọ ìlú àti aago ti pàdé. Ó yẹ kí á kọ́ ọmọ ní èyí náà. Pátákó ìkìlọ̀ tí ó wà létí ojú irin ńkọ́? Ẹ̀mí ni ó wà nínú kíkà ìyẹn.

Ẹnì kan lè bẹ̀rù pé a fẹ́ kó òṣèlú wọ ilé ìwé. Rárá o. Ìwé tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìmọ̀ ni. Ìwé tí ó sọ pé ẹgbẹ́ wa ni ó dára jù, ìpolówó ni. A ó kọ́ ọmọ láti mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì. Nínú ohun gbogbo tí ó bá kà, kí ó lè yà á sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí ni ohun tí ìwé sọ, èyí ni ohun tí èmi rò, èyí ni ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ń gba inú fóònù fò káàkiri kí ìlẹ̀ tó mọ́, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, irọ́ ni yóò máa bá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ pín.

ÈDÈ WO NI OHUN TÍ A KÀ FI Ń YÉ NI?

Ẹ rántí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde ìjọ́sí, èdè Yorùbá sì ni ìyá àgbà ń sọ. Ọmọ náà mọ ìró Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ láti gbé ìtumọ̀ rẹ̀ kọjá sí Yorùbá. Àwọn òbí kan máa ń bínú bí olùkọ́ bá fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́; wọ́n ní yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ àwọn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ti dán wò fún yín. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn láti kíláàsì kẹrin lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn.

Nítorí náà, ní kíláàsì mi, bí ọmọ bá ka ìkéde Gẹ̀ẹ́sì tán, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò sì fi Yorùbá ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ mìíràn tí kò rí ìwé náà. Ẹni tí ó gbọ́ ni yóò wá sọ ohun tí òun yóò ṣe, ní ọjọ́ wo, ní ibo. Bí ohun tí ó sọ bá bá ìwé mu, àwọn méjèèjì yege. Bí kò bá bá a mu, wọn yóò jọ padà sí ojú ìwé. Kò gba owó, kò sì ju ìṣẹ́jú ogún lọ.

IṢẸ́ ẸNÌ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ìwé yìí. Ẹ da ìkéde tí ó wà lójú òde kọ, kí ẹ gbé e wá sí kíláàsì. Nínú ìdánwò àkàyé, ẹ má ṣe fi máàkì fún ohùn dídùn nìkan.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá kàwé fún yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ na ọwọ́ yín, kí ẹ béèrè ìbéèrè ìka márààrún. Ẹ kò ní láti mọ ìwé kí ẹ tó lè béèrè. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mọ lẹ́tà, ẹ̀yin mọ ìlú. Ọmọ lè ka "ọ́fíìsì ọjà," ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí ó wà àti ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá jọ fi ìmọ̀ méjèèjì pọ̀, ìkéde náà yóò di odidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àbójútó yàrá ìkàwé, ẹ lẹ ìkéde tuntun sí ibi tí ọmọdé lè rí, kí ẹ sì fi wákàtí kan sílẹ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ọmọ kan yóò máa fi kà á, tí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìkéde fún ìjọba, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi gàdàgbà. Kì í ṣe òǹkàwé nìkan ni ó ni ẹ̀bi bí ìwé kò bá yéni.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti já sí. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ fún un ní àkókò sí i láti san gbèsè rẹ̀, ó sì tún ń ta ìkòkò, ṣùgbọ́n kì í pàtẹ sétí gọ́tà mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti wà ní ilé ìwé gíga báyìí, òun náà ni ó sì ń ka ìkéde fún gbogbo ìlà ọjà yẹn. Mo kọjá níbẹ̀ ní oṣù tó kọjá nígbà tí ó ń ka ọ̀kan. Ìyá àgbà na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan bí ìdáhùn ti ń dé. Nígbà tí ó ku ọmọńdinrín, ó wò ó, ó ní, "Bí a kò bá ṣe é ńkọ́?" Ọmọ náà tún padà sí ojú ìwé láti lọ wò ó.

Ẹ̀yin ará, èyí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe nílé.  Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìlú wa tòrò, yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ.